Ewé Tíì Tí Màmá Ń Sè fún Àǹtí Fọlákẹ́

Lọ́dún tí Àǹtí Fọlákẹ́ wá gbé lọ́dọ̀ wa, òórùn ewé tíì ló ń jí mi láràárọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ariwo ló máa ń jí wa nílé wa ní Súrùlérè: rédíò Dádì tó ń ka ìròyìn ní pálọ̀, ọmọ kékeré tó ń sunkún omi tútù lójúlé kejì, omi ẹ̀rọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó ń rọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, tí Mọ́mì á sì máa ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, “Dúpẹ́, omi ti dé o! Gbé korobá wá!” Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, kí ariwo kankan tó bẹ̀rẹ̀, Màmá tó bí Mọ́mì á ti jókòó sídìí sítóòfù lẹ́yìn ilé, ìkòkò á ti máa hó, òórùn kan tó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn wẹ́wẹ́ á sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi lórí ẹní. Orí mi ti funfun báyìí, mo sì ti gbé nínú ilé tó pọ̀ láti ìgbà náà, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn níbikíbi, ọkàn mi á kọ́kọ́ balẹ̀ ná, kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Onílé wa ti fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá, àfi ibi tóóró kan láàárín balùwẹ̀ àti ògiri ọgbà, níbi tí omi ìwẹ̀ ń gbà kọjá. Nígbà tí Bàbá, ọkọ Màmá, kú ní Ìjẹ̀bú tí Mọ́mì lọ mú Màmá wá sí Èkó, ibẹ̀ ni Màmá kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo yàrá tí a ti tún ṣe dè wọ́n. Wọ́n bèèrè ẹni tó ni ín. Dádì ní kò sẹ́ni tó ni ín. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹfinrin ti hù níbẹ̀, ata wẹ́wẹ́ ti hù níbẹ̀, ewé tíì sì ti ya bo ẹ̀gbẹ́ ògiri débi pé ẹni tó bá ń lọ wẹ̀ gbọ́dọ̀ fi aṣọ rẹ̀ gbá a kọjá. Kóóko ọba ni Màmá ń pè é. Àwa ọmọ Èkó ń pè é ní ewé tíì, nítorí pé bí tíì la ṣe ń fi búrẹ́dì mu ún nígbà tí tíì gidi bá ti tán nínú agolo. Ewé gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, etí rẹ̀ sì mú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán fà á, ó ya mí ní ìka, Màmá sì fi ẹnu fẹ́ ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n ní, “Ta ló ní kó o fà á? Gígé ni wọ́n ń gé e. Tó o bá fà á, ìdí ẹ̀ á tú. Ti ìta ni kó o máa gé. Fi ti inú sílẹ̀, ọmọ ni wọ́n.”

Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sè é, n kò sì gbàgbé. Wọ́n á fọ ewé náà, wọ́n á ká a, wọ́n á so ó róbótó bí òṣùká. Omi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hó. Bí ewé bá ti wọnú omi, kí ọmọrí tẹ̀ lé e kíá. “Òórùn ẹ̀ gan-an loògùn ẹ̀,” ni Màmá máa ń sọ. “Tó bá ti bá afẹ́fẹ́ lọ, omi gbígbóná lásán lò ń mu yẹn.” Fún ẹni tí ibà ń ṣe, wọ́n á fi èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọsàn wẹ́wẹ́ kún un, wọ́n á sì da aṣọ bò ó lórí kí ó fi ojú gba ooru rẹ̀. Fún ọmọ tí inú ń run, ẹfinrin ni wọ́n ń lò. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já láìnídìí, ẹni tí oorun kò kùn, ewé tíì nìkan ni, kò gbọdọ̀ le jù, ife kan ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì jókòó mu ún. Wọn kì í fún aláboyún. Àwọn ará ilé wa máa ń wá bá wọn gba ewé náà, Màmá kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n á kìlọ̀ fún ẹni tó bá gbé ọmọ wá: “Tí ara ẹ̀ bá ṣì gbóná lọ́la, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù Ìdí-Àràbà o. Ewé mi kì í ṣe dókítà.”

Àǹtí Fọlákẹ́ ni àbúrò kan ṣoṣo tí Mọ́mì ní. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé kan ní Muṣin, wọ́n sì lẹ́rìn-ín lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a fi máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ojú títì kí wọ́n tó ṣí géètì. Ọkọ wọn, Bùrọ̀dá Ràṣídì, ń ṣe àga ìjókòó. Ìka wọn kì í kúrò nínú gúlúù, bí wọ́n bá sì wá kí wa, wọ́n á máa tẹ tìmùtìmù àga pálọ̀ wa, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín ẹni tó ṣe é. Ọdún púpọ̀ ni àwọn méjèèjì fi ń retí ọmọ. Nígbà tí oyún náà wá dé, Mọ́mì máa ń kọrin ìjọ nínú ilé ìdáná bí ẹni pé àwọn gan-an ló lóyún. Obìnrin ni ọmọ náà. A ti ń múra ìkómọ. Mọ́mì ti ra fìlà funfun kékeré kan, wọ́n sì fi hàn mí lórí ìkúùkù wọn. Ọmọ náà kú kí ọjọ́ ìkómọ tó pé.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kàn gbọ́ ni pé Àǹtí ń bọ̀ wá sinmi. Ọ̀sán Sátidé kan ni takisí gbé wọn wá. Bùrọ̀dá Ràṣídì ló gbé báàgì. Mo sáré lọ dì mọ́ Àǹtí gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo sì rí i pé iwájú bùláòsì wọn tutù. Mo rò pé òjò ló pa wọ́n, ṣùgbọ́n oòrùn ló ń ràn. Màmá rí ibi tí mo ń wò. Wọ́n bọ́ gèlè orí wọn, wọ́n fi bo àyà ọmọ wọn, wọ́n sì mú un wọ yàrá lọ. Ọdún púpọ̀ kọjá kí èmi náà tó bímọ tí mo wá mọ̀ pé wàrà ọmú ni.

Ohun tó ń dẹ́rù bà wá kì í ṣe ẹkún, nítorí pé Àǹtí kò sunkún. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á gbá àgbàlá, wọ́n á tún un gbá. Wọ́n á kó aṣọ tí Mọ́mì ti fọ̀ tó ti gbẹ kúrò lórí okùn, wọ́n á rì í sómi, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ wọn á fi bó. Bí ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á dáhùn dáadáa, “Mo wà dáadáa, ẹ ṣé,” bí ẹni tó ń kí àlejò. Yàrá kan náà ni èmi pẹ̀lú wọn ń sùn, n kò sì bá wọn lójú oorun rí. Oúnjẹ tí Mọ́mì bá bù fún wọn, wọ́n á pín in káàkiri inú àwo, wọ́n á sì gbé e padà. Egungun ọrùn wọn yọ. Mọ́mì mú wọn lọ rí dókítà, dókítà náà ṣe sùúrù fún wọn, ó fún wọn lóògùn tí wọ́n á fi sùn, ó ní kì í ṣe oògùn àlòpẹ́. Wọ́n lò ó, wọ́n sùn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí oògùn náà ti tán ni aṣọ fífọ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, Bùrọ̀dá Ràṣídì á wá láti Muṣin, wọ́n á wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n á jókòó ti Dádì ní pálọ̀. Àǹtí kì í jáde sí wọn. Dádì á bá wọn sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Nígbà tó bá yá, Bùrọ̀dá á dìde, wọ́n á wo ẹnu ọ̀nà yàrá wa lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì máa lọ.

Mo gbọ́ Mọ́mì lọ́jọ́ kan nínú ilé ìdáná. Wọ́n ń gé àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlùbọ́sà ló ń pa wọ́n lẹ́kún. Wọ́n ní, “Màmá, àwọn èèyàn ọkọ ẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ o. Wọ́n ní orí ẹ̀ ti fẹ́ dà rú. Wọ́n ní kí Ràṣídì lọ fẹ́ ẹlòmíì.”

“Ràṣídì fúnra ẹ̀ ńkọ́, kí ló sọ?”

“Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wá ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Màmá wí. “Kó máa wá.” Wọ́n sì mú ọ̀bẹ, wọ́n jáde lọ sídìí ògiri.

Màmá kò fi agbára mú Àǹtí mu ohunkóhun. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gbé àpótí méjì sídìí sítóòfù dípò ẹyọ kan. Wọ́n pe Àǹtí níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, wọ́n ní, “Fọlákẹ́, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, wá bá mi gé ewé.” Irọ́ ni, ojú Màmá ríran ju tèmi lọ. Àǹtí nu ọwọ́, wọ́n wá, wọ́n gé e. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n so ó. Lọ́jọ́ mìíràn, Màmá ní kí wọ́n ṣí ìkòkò wò bóyá ó ti jinná, ooru náà sì rú bò wọ́n lójú, mo rí i tí wọ́n di ojú wọn, tí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá di pé bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, Màmá á bu omi ewé náà sínú abọ́ ńlá, wọ́n á da omi tútù lé e kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, wọ́n á ní kí Àǹtí ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Wọ́n á máa fi ọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo ń gbé ife wá. Màmá ti ra oyin ní Ọ̀yìngbò, síbí kékeré kan ni wọ́n ń fi sí i. Àǹtí á mu díẹ̀, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń mu ún dé ìdajì. Ọ̀sán kan, mo ti ilé ìwé dé, mo bá wọn lórí ẹní lẹ́yìn ilé, wọ́n sùn, ẹnu wọn yà díẹ̀ bí ti ọmọdé, Màmá sì jókòó tì wọ́n, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin. Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n rí wọn, wọ́n bọ́ bàtà kó má baà dún.

Mọ́mì wá rò pé ó ti tán nìyẹn. Màmá ní kò tíì tán. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Mọ́mì ní, “Ṣé ẹ rí i, ewé yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Kò ní pẹ́ gbàgbé.”

“Gbàgbé kẹ̀? Ewé wo ló ń mú èèyàn gbàgbé ọmọ? Ó kàn ń jẹ́ kí ara rọ̀ ni. Tí ara bá rọ̀, ó lè wá sunkún. Ẹkún yẹn ni mò ń retí.”

Ó dé lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Gbogbo wa wà lábẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé yàrá gbóná. Mọ́mì ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, Màmá ń wo òjò, Àǹtí sì gbá ife mú lọ́wọ́ méjèèjì. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó sì kàn bọ́ lẹ́nu mi.

“Àǹtí, kí ni orúkọ ọmọ yín?”

Mọ́mì fẹ́rẹ̀ẹ́ da atẹ ẹ̀wà nù. “Dúpẹ́! Kí ló ń ṣe ẹ́? Wọlé!”

“Fi í sílẹ̀,” ni Màmá wí, wọn kò sì gbé ohùn sókè. “Jẹ́ kí Fọlákẹ́ dáhùn, tó bá fẹ́ dáhùn.”

Mo dúró láàárín ẹnu ọ̀nà, n kò mọ̀ bóyá kí n wọlé tàbí kí n má wọlé. Òjò ń lu páànù. Àǹtí wò mí bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé mo wà nínú ilé yẹn.

“Wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ,” ni wọ́n wí. Wọ́n wo inú ife ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, “Ṣùgbọ́n mo ti ní in lọ́kàn. Láti ìgbà tó ti wà nínú mi ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ fẹ́nì kankan. Morẹ́nikẹ́ ni.”

Bí wọ́n ti pe orúkọ náà tán ni ife bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹkún tó tẹ̀ lé e, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kò dà bí ẹkún àgbà. Wọ́n dojú bolẹ̀ sórí itan Màmá, gbogbo ẹ̀yìn wọn ń mì. Mọ́mì fi ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tó tutù, wọ́n di Àǹtí mú láti ẹ̀yìn. Màmá kò sọ pé kó dákẹ́. Gbogbo ẹni tó ti wá kí Àǹtí láti ìgbà tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ ló ń sọ pé kó dákẹ́, kó fara dà á, Ọlọ́run á fún un ní òmíràn. Màmá kàn ń fi ọwọ́ pa á lórí, wọ́n ń sọ pé, “Morẹ́nikẹ́. Morẹ́nikẹ́ ọmọ Fọlákẹ́. Morẹ́nikẹ́ ọmọ ọmọ mi.” Òjò dá, Àǹtí kò tíì dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé èmi ni mo ba gbogbo nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n Màmá na ọwọ́ kejì sí mi, wọ́n fà mí mọ́ra.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Bùrọ̀dá Ràṣídì ti jókòó ti Dádì bí ìṣe wọn nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá wa ṣí. Àǹtí jáde. Ojú wọn wú, wọn kò kun àtíkè, wọ́n kàn so gèlè mọ́rí. Bùrọ̀dá dìde dúró bí ẹni tí ọ̀gá àgbà wọlé bá. Dádì fẹ́ kúrò níbẹ̀, Àǹtí ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n wá kọjú sí ọkọ wọn, wọ́n ní, “Morẹ́nikẹ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́. Mi ò sọ fún yín.”

Bùrọ̀dá ń wo ilẹ̀. Wọ́n ń fi àtàńpàkò yọ gúlúù tó ti gbẹ lórí ìka wọn. “Èmi náà ní èyí tí mo mú,” ni wọ́n wí. “Àmínátù. Orúkọ ìyá mi àgbà. Gbogbo ìgbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń pè é. Mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.”

Àǹtí tún un pè: “Morẹ́nikẹ́ Àmínátù.” Bùrọ̀dá gbé ojú sókè wò wọ́n. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ tí Àǹtí bèèrè pé, “Ṣé ẹ ti jẹun?” Bùrọ̀dá ní àwọn ò tíì jẹun. Mo sáré tẹ̀ lé Àǹtí wọ ilé ìdáná, wọ́n bu ìrẹsì sínú àwo, wọ́n mú síbí méjì. Inú àwo kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti jẹun lọ́jọ́ náà, ó sì tán.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé ewé ló wo Àǹtí Fọlákẹ́ sàn. Màmá pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo dàgbà tí mo mọ̀ bí irú àìsàn ọkàn yẹn ṣe ń pa obìnrin, mo máa ń rò ó pé dókítà náà ṣe tirẹ̀, ìjókòó tí Màmá jókòó tì wọ́n ṣe tirẹ̀, àwọn Sọ́ńdè tí Bùrọ̀dá Ràṣídì kò yéé wá náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí ẹni méjì á jọ máa gé, tí wọ́n á jọ máa sè, kí wọ́n tó lè jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Àǹtí ṣì wà láàyè. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ìgbà náà, ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí. Bí àjèjì bá bi wọ́n léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí, wọ́n á ní, “Méjì.” Ọmọkùnrin náà á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí wọ́n padà sí Muṣin ni mo fẹ́ sọ kẹ́yìn. Ọ̀sán ni. Bùrọ̀dá Ràṣídì gbé báàgì, Àǹtí di ọwọ́ mi mú dé géètì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí Dádì sọ. Kì í ṣe ẹ̀rín wọn àtijọ́, ṣùgbọ́n ó dún. Mọ́mì sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Màmá kò sìn wọ́n. Wọ́n dúró nídìí géètì, wọ́n ń juwọ́, wọ́n ń súre, ohùn wọn le koko bíi ti ìgbàkígbà. Nígbà tí Àǹtí àti ọkọ wọn yà ní kọ̀rọ̀ tán, Màmá yí padà, wọ́n rìn lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n jókòó sórí àpótí. Wọ́n ní, “Dúpẹ́, bá mi bu díẹ̀ nínú ìkòkò yẹn.”

Mo bù ú wá. Nígbà tí wọ́n gbà á, ife náà ń gbọ̀n débi pé ó dà sí wọn lára. Mo bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé ara yín ò yá ni?”

“Ara mi yá. Ẹ̀rù ló ń bà mí.”

Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú, n kò rí ohun tó lè máa ba Màmá lẹ́rù. “Ẹ̀rù kí ni?”

“Láti ọjọ́ tí Fọlákẹ́ ti bọ́ sílẹ̀ nínú takisí yẹn ni,” ni wọ́n wí. “Mo ní àbúrò obìnrin kan. Bó ṣe ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Ọmọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sunkún. Ó ń gbá ilẹ̀, ó ń fọṣọ, gbogbo wa ń yìn ín pé ó gbójú. A ò jókòó tì í. Nígbà tá a máa mọ̀, òun náà ti lọ.” Wọ́n nu ẹnu. “Mi ò sọ fún ìyá ẹ. Tí mo bá sọ fún un, ẹ̀rù á ba òun náà, ta ló wá máa se ewé?”

Mo gbé àpótí kejì, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo jókòó. Màmá mu ewé náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Wọ́n fi orí ti ògiri, ojú wọn ń pa dé, wọ́n sì sùn lọ níbẹ̀ lójú ọ̀sán gangan, Màmá tí ẹnikẹ́ni kò bá lójú oorun rí nínú ilé wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo rọra yọ ife lọ́wọ́ wọn kó má baà já bọ́. Mọ́mì ti ibùdókọ̀ dé, wọ́n ń pè mí láti iwájú ilé pé kí n wá kó aṣọ lórí okùn. Mo dúró ti Màmá.